Bàbá Wolé-wolé àti Omi Ẹja Màmá

Nígbà tí wọ́n ń ka ìtàn ìgbésí ayé Bàbá àgbà mi ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ ìsìnkú, inú bí mi. Wọ́n ka ọdún tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìjọba, wọ́n ka ọdún tó fẹ̀yìn tì, wọ́n ka gbogbo ipò tó dì mú nínú ìjọ. Wọ́n ní ó fi ìyàwó, ọmọ àti ọmọ-ọmọ sílẹ̀ sáyé lọ. Wọn ò dárúkọ ẹja rárá. Bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá wọ ilé Bàbá ní Òkè-Ìmẹ̀sí láàárín ọdún mẹ́fà tó gbẹ̀yìn, ẹja ni yóò kọ́kọ́ rí, nínú àpótí gíláàsì ńlá kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ògiri pálọ̀ kan tán. Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí kó má mẹ́nu ba ẹja? Mo jókòó síbẹ̀, mò ń fi ẹsẹ̀ gbo ilẹ̀, títí àbúrò mi fi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ èyí. Àbẹ̀ní ni Bàbá ń pè mí. Aṣọ ni mò ń rán ní Arámọkọ, ibẹ̀ sì ni ilé ọkọ mi wà, ṣùgbọ́n gbogbo àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Bàbá àti Màmá, kí n tó padà ní ìrọ̀lẹ́. N kò ní ka ọdún fún yín. Irú èèyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, àti ohun tó ṣe nítorí Màmá, ìyá àgbà mi, tí kò lè rìn mọ́, tó jẹ́ pé wíwo ẹja ló kù fún un.

Wolé-wolé ni Bàbá nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà díẹ̀ á rántí wọn, àwọn òṣìṣẹ́ ìmọ́tótó tí wọ́n máa ń wọ kakí, tí wọ́n ń ti agbo ilé kan bọ́ sí òmíràn láti wo ìkòkò omi, ilé ìdáná àti ṣáláńgá. Bí wọ́n bá rí tanwíjí, àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó máa ń jó nínú omi kó tó di ẹ̀fọn, wàhálà dé nìyẹn. Bàbá ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó bí mi, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ò fẹ̀yìn tì lára rẹ̀. Bó bá lọ kí èèyàn, ibi omi ni yóò kọ́kọ́ yà sí kó tó jókòó. Lọ́jọ́ ìdána tèmi gan-an, kí àwọn àna mi tó kí i tán, ó ti wà lẹ́yìnkùlé wọn, ó ń fi igi ro inú dúrọ́ọ̀mù. Ojú tì mí bí ẹni pé kí ilẹ̀ lanu. Ìyá ọkọ mi sáré tẹ̀lé e, ó bi í pé kí ni wọ́n ń wá. Bàbá dé dúrọ́ọ̀mù náà padà jẹ́jẹ́, ó ní, "Ẹ má bínú, àna mi. Ọmọ mi yóò máa mu níbí. Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i."

Ẹ ó rí i pé "ó" ni mò ń pè é, n kò pè é ní "wọ́n". Ẹ má sọ pé n kò lẹ́kọ̀ọ́. Bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ọ́ ní Èkìtì nìyẹn, Màmá náà kì í fi "ẹ" bá a sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ sì kórìíra kí èèyàn máa pe òun ní "wọ́n" nínú ilé. Ó ní òun nìkan ni òun, òun kì í ṣe ìgbìmọ̀. Nígbà tí ara bá dẹ̀ ẹ́, ulé ni yóò máa pe ilé, uṣu ni yóò máa pe iṣu, àpárá á sì pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti bọ́ sínú Yorùbá ìwé báyìí, tó bẹ̀rẹ̀ sí í là á lẹ́sẹẹsẹ bí ẹni tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, kí o yáa wá ibi gbà. Kakí ti padà sọ́rùn rẹ̀ nìyẹn.

Ohun tí n kò mọ̀ títí mo fi dàgbà ni pé ọkùnrin líle yìí máa ń ṣàṣìṣe, ó sì ní bó ṣe ń tún un ṣe. Màmá ló sọ fún mi. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ó wọ ilé kan, ó rí ohun kan tó ń mì nínú ìkòkò omi, ó sì da gbogbo rẹ̀ nù lójú obìnrin tó ti lọ pọn ọ́n láti odò ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn tó dà á tán ló wò ó dáadáa. Èèpo àgbàdo ni. Lọ́jọ́ kejì, ọ̀sán gangan, ó gbé garawa lérí pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó pọn omi kún ìkòkò obìnrin náà, gbogbo àdúgbò jáde wá wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ni ìyá Màmá. Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà, ọmọge ni nígbà náà, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ó bi wolé-wolé pé ṣé kò lè dúró kí ilẹ̀ ṣú kí ojú má baà tì í. Ó ní, "Ọ̀sán ni mo dà á nù. Ọ̀sán ni n ó pọn ọ́n padà."

Láti ìgbà náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ da omi ẹlòmíràn nù mọ́. Ẹja wẹ́wẹ́ ló máa ń mú láti odò, á jù wọ́n sínú kànga oníkankéré àwọn èèyàn kí wọ́n máa jẹ tanwíjí. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ bínú, wọ́n ní irú ìyẹn ò sí nínú ìlànà iṣẹ́. Àwọn obìnrin fẹ́ràn rẹ̀. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìwà ẹja nìyẹn, èyí tó ń jà, èyí tó ń sá, èyí tó lọ́yàyà. Mo bi í lẹ́ẹ̀kan pé kí ló rí lára ẹja tó fi fẹ́ràn wọn báyìí. Ó ní, "Àwọn nìkan ni mo bá ṣiṣẹ́ tí wọn ò gba rìbá."

Ọdún mẹ́fà ṣáájú ikú rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀ kọlu Màmá. Apá ọ̀tún rọ, ẹsẹ̀ ọ̀tún rọ. A dúpẹ́ pé ọ̀rọ̀ padà sẹ́nu rẹ̀ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn ò padà. Màmá tí kì í jókòó! Obìnrin tó máa ti oko dé, tó máa kàn bọ́jú, tó máa tún forí lé ìpàdé ẹgbẹ́ ìyá! Àga onítìmùtìmù kan ní pálọ̀ ló wá di oko àti ọjà rẹ̀. Kò ráhùn, kò sunkún. Ó kàn dákẹ́, ìdákẹ́ yẹn ló sì dẹ́rù ba Bàbá ju àìsàn lọ. Ó di ọjọ́ kan, Bàbá wọ ọkọ̀ lọ sí Adó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà tó máa dé, ó gbé àpótí gíláàsì tí wọ́n fi ẹní wé bọ̀, pẹ̀lú ẹja mẹ́jọ aláwọ̀ wúrà nínú ọ̀rá omi lórí itan rẹ̀. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà. Mo ní, "Bàbá, kí lèyí?" Ó ní, "Kò lè lọ síta mọ́, àbí? Mo gbé ìta wá bá a nínú ulé."

Ó ṣiṣẹ́. Màmá sọ èyí tó tóbi jù nínú wọn ní Ìyá Ìjọ, nítorí pé jẹ́jẹ́ ló ń rìn, ikùn níwájú, tí àwọn yòókù á sì máa yà lọ́nà fún un. Ọwọ́ òsì ni Màmá fi ń bu oúnjẹ fún wọn, láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, àti ìgbàkígbà tó bá wù ú láàárín. Ó ń bá wọn wí, ó ń yìn wọ́n, ó ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn, ó sì ń parí rẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, Bàbá á ká apá aṣọ sókè, á ki ọwọ́ bọ omi, á fi kànrìnkàn fọ ara gíláàsì, Màmá á sì jókòó tì í, á máa tọ́ka sí ibi tó bá fò. Mo máa ń wo àwọn méjèèjì, inú mi á sì dùn débi tí n kò ní fẹ́ padà sí Arámọkọ.

Ìgbà tó di ọdún kẹrin, omi bẹ̀rẹ̀ sí í dàwọ̀ ewé. Bàbá pààrọ̀ rẹ̀, ó mọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún dàwọ̀ ewé. Nígbà tó yá, Ìyá Ìjọ pàápàá, àfi kó wá fi imú kan gíláàsì kéèyàn tó rí i. Bàbá mọ ohun tó fà á. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé lu omi, oúnjẹ sì pọ̀ jù, èyí tí ẹja ò bá jẹ tán ń jẹrà nísàlẹ̀. Kò yẹ kó ṣòro: kéèyàn fa kọ́tìnnì, kó dín oúnjẹ kù. Ṣùgbọ́n fèrèsé yẹn ni Màmá fi ń rí ọ̀nà, oúnjẹ yẹn sì ni iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe. Ta ni yóò sọ fún un? Bàbá tó ti fi ìwé ìtanràn lé àwọn ìjòyè lọ́wọ́ rí, kò lè sọ ọ́ fún ìyàwó rẹ̀. Mo ní èmi á sọ ọ́. Ó fà mí jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Àìsàn ti gba ẹsẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ tún fẹ́ gba ọwọ́."

Àbúrò bàbá mi, Dèjì, àbígbẹ̀yìn Bàbá tó ń tún fíríìjì ṣe ní Èkó, ló fi iná ránṣẹ́. Yúfíì ni wọ́n ń pè é. Gílóòbù tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, inú ọ̀pá ike dúdú ló wà. Pọ́ǹpù kékeré á máa fa omi gba ẹ̀gbẹ́ gílóòbù náà kọjá, ìtànṣán rẹ̀ á sì pa ohun tín-tìn-tín tó ń sọ omi di àwọ̀ ewé. Dèjì fi pánẹ́ẹ̀lì sólà kékeré kan kún un nítorí iná ọba tí kò dúró. Ó rò pé Bàbá á dúpẹ́. Hàà! Yorùbá ìwé ni Bàbá bọ́ sí lórí fóònù: "Adédèjì, ṣé ẹ̀rọ tí yóò máa pa ohun tí n kò rí, ní ibi tí n kò ti lè rí i, ni o ní kí n gbà gbọ́?" Dèjì ní, "Bàbá, iná ni, kì í ṣe ẹ̀sìn."

Oṣù méjì ni iná náà fi wà nínú páálí. Bàbá ya ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ sí méjì, ó kọ ÈRÈ sí apá kan, ó kọ EWU sí apá kejì, ó sì ń bi gbogbo èèyàn léèrè, látorí Dèjì dórí ọkùnrin tó ta ẹja fún un ní Adó. Ìwé náà wà lọ́wọ́ mi báyìí. Lábẹ́ ÈRÈ, ó kọ ọ́ pé omi yóò mọ́ láìjẹ́ pé èèyàn da oògùn sí i, pé kòkòrò àìsàn tó bá ń lúwẹ̀ẹ́ kiri yóò kú bó bá ti gba ibẹ̀ kọjá. Ó wá fa ìlà sábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e: "Obìnrin náà lè máa fún wọn lóúnjẹ lọ." EWU kún ojú ìwé, ó sì ṣàn dé ẹ̀yìn rẹ̀. Pé iná náà ò lè fọwọ́ kan àìsàn tó bá ti lẹ̀ mọ́ ara ẹja, tàbí èyí tó sá pa mọ́ sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ ìsàlẹ̀. Pé bí omi bá sáré jù, yóò kàn kọjá lọ ni láìrí ìyà kankan. Pé agbára gílóòbù yóò ti tán bí ọdún kan bá ti ń yípo, bẹ́ẹ̀ yóò ṣì máa tàn, ojú ò sì ní mọ ìyàtọ̀. Èyí bí i nínú jù. Ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Òṣìṣẹ́ tó ń wọ kakí tí kì í ṣiṣẹ́." Nísàlẹ̀ pátápátá ló kọ pé ọ̀lẹ yóò torí rẹ̀ ṣíwọ́ àpótí í fọ̀.

Màmá ló parí ẹjọ́ náà, kò sì mọ̀. Ní Sátidé kan, ó ní kí n bá òun yí àga òun kọjú sí ojú ọ̀nà. Mo ní ẹja ńkọ́? Ó ní, "Ẹja dà? Ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ ni mo ti ń wò láti oṣù méjì." Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe sọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dé ojú rẹ̀. Bí mo ṣe ń yí àga yẹn, ọkàn mi bàjẹ́. Mo rí ìdákẹ́ àtijọ́ tó ń padà bọ̀ wá bá a. Bàbá wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́. Ó lọ mú ọ̀bẹ, ó la páálí.

Ọ̀rọ̀ fífi ojú ara ẹni rí nǹkan yẹn ló wá kó o sí wàhálà. Ó so iná náà mọ́ ibi tó yẹ, ó tan án, omi ń lọ, omi ń bọ̀, ṣùgbọ́n inú ike dúdú ni ìtànṣán wà. Ta ló lè fi dá òun lójú pé ó ń ṣiṣẹ́? Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ó fà á jáde kúrò nínú omi, ó tú ike rẹ̀, ó tan gílóòbù náà ní ìhòòhò, ó sì gbójú lé e bí ẹni tó ń yẹ inú ìkòkò wò. Ó wò ó láti orí dé ìdí. Ó wò ó pẹ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sán, ojú ń ta á bí ẹni pé wọ́n da yanrìn sí i. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n gbé e lọ bá fún un ní oògùn kíkán sójú, ó ní yóò lọ láàárín ọjọ́ méjì, ó sì bi í pé, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń wá nínú iná? Bàbá ní, "Mò ń yẹ iṣẹ́ wò ni."

Ìgbà tí mo dé lọ́jọ́ Sátidé, mo bá a lórí àga gígùn, aṣọ tútù lójú. Màmá ti ní kí wọ́n yí àga òun padà sí iwájú ẹja. Omi ṣì dúdú díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń rí òjìji wọn, ó sì ń ròyìn wọn fún Bàbá. "Ìyá Ìjọ ti yíjú o. Ó ń lọ sí igun. Kékeré oníjà yẹn ti tẹ̀ lé e." Bàbá á bi í pé, "Ó ń jẹun?" Màmá á ní, "Àjẹkì." Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, n kò fẹ́ wọlé. Láti ìgbà tí àìsàn ti dé, n kò gbọ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá ní kí n ka ìwé ìlànà tó wà nínú páálí fún òun, kí n máa túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, kí n sì máa kọ èyí tó bá ṣe pàtàkì sínú EWU. Ohun àkọ́kọ́ tó wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà gàdàgbà, ni pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi ojú wo iná náà. Mo kà á sókè. Mo tún un kà, mo fi ohùn sí i bí oníwàásù. Màmá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Bàbá ò gbé aṣọ kúrò lójú, ó ní, "Àbẹ̀ní, ka ìlà tó kàn."

Mo kà á títí, ó rẹ̀ mí. Ojú ọ̀run ti ṣú, mo sì mọ̀ pé bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, mi ò ní rí ọkọ̀ Arámọkọ mọ́. Ó ku ojú ewé kan. Mo yí i wò fìrí, lẹ́tà rẹ̀ kéré, mo sì sọ fún ara mi pé àdírẹ́ẹ̀sì àwọn tó ṣe é ni. Bàbá ní, "Ó ti parí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo gbé báàgì mi, mo lọ.

Láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án, omi mọ́! Mo rò pé wọ́n ti kó omi kúrò ni. Èèyàn ń rí ìpẹ́ lára Ìyá Ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màmá ń bu oúnjẹ bó ṣe wù ú, kọ́tìnnì ṣí gbayawu, Bàbá sì di ajíhìnrere iná. Ọkùnrin tó kọ EWU kún ojú ìwé kan àti ààbọ̀! Bó ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ló ń sọ ọ́ nínú ọkọ̀. Níbi ìkómọ kan ní Ilogbo, lójú ọ̀pọ̀ èèyàn, ó dìde, ó ní ẹni tó bá ti ní iná yìí ti bọ́ lọ́wọ́ àìsàn ẹja. Mo wà níbẹ̀. Mo mọ̀ pé ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ ò sọ bẹ́ẹ̀. Ayọ̀ ló gun ahọ́n rẹ̀, mi ò sì ní in lọ́kàn láti ba ayọ̀ rẹ̀ jẹ́. Àlàájà kan wà níbẹ̀ tó ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ ọmọdé, tó ń sin ẹja níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí àwọn ọmọ máa rí nǹkan wò. Ó ra iná tirẹ̀ kí oṣù tó parí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ní Sátidé, Àlàájà pè. Nǹkan funfun wínníwínní bí iyọ̀ ti bo ara àwọn ẹja rẹ̀. Ó ra oògùn, ó da á sómi bí wọ́n ṣe ní kó dà á, ó sì fi iná sílẹ̀ tọ̀sán-tòru kó lè tètè wò wọ́n sàn. Gbogbo wọn ló kú. Kò pariwo, ohùn rẹ̀ kàn wálẹ̀ ni: "Bàbá, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní a ti bọ́?" Bàbá ní kí n mú ìwé ìlànà wá. Mo ṣí i tààrà dé ẹ̀yìn, nítorí ó ti ń ṣe mí bákan. Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni. Kì í ṣe àdírẹ́ẹ̀sì. Ó wà níbẹ̀ kedere pé bí oògùn bá wà nínú omi, kí wọ́n pa iná, nítorí ìtànṣán yẹn máa ń ba oògùn jẹ́.

Mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ pé mo fo ojú ewé náà, pé ọkọ̀ ni mò ń sáré bá. Mo ń retí Yorùbá ìwé. Bàbá wọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ka ojú ewé náà fúnra rẹ̀ títí dé ìsàlẹ̀, ó pa á dé. Ohùn ilé ló fi dá mi lóhùn. Ó ní, "Ìwọ lo ka ìwé. Èmi ni mo sọ̀rọ̀ ní Ilogbo."

Ohun tó kàn ló le. Bàbá fẹ́ gbé ẹja fún Àlàájà, ẹja tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò sì ju mẹ́jọ tí Màmá ń wò lọ. Ó lè lọ sí Adó lọ ra òmíràn, mo sọ bẹ́ẹ̀, mo ní èmi á bá a lọ. Ó ní ẹja ọjà ò mọ ohun tí òun ṣe. Ó gbé àpótí ìjókòó síwájú Màmá, ó jókòó, ó ro gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀, ó sì ní mẹ́rin ni òun ń tọrọ. Màmá yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ojú rẹ̀ wà lára gíláàsì. Ẹ̀rù bà mí, mo rò pé a ti fọ́ ohun tí Bàbá fi ọdún mẹ́rin tún ṣe.

Màmá ní, "Mẹ́rin wo?"

Bàbá ní, "Èyí tó bá wù ọ́. Àwọn kékeré náà tó."

"Bí o bá kó àwọn kékeré lọ, á mọ̀ pé èyí tá ò fẹ́ ni. Mú Ìyá Ìjọ."

"Ìyá Dèjì, rárá."

"Mo ní kí o mú un."

Bàbá dìde, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé, ó pẹ́ kó tó wọlé.

Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi ní kí Àlàájà kọ́kọ́ fọ àpótí rẹ̀, kó sá àwọn òkúta inú rẹ̀ sóòrùn, nítorí wolé-wolé ò ní gbé ẹja tó dá ṣáṣá sínú àìsàn. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a wọ ọkọ̀ láti Òkè-Ìmẹ̀sí, garawa oníderí láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ń kìlọ̀ fún awakọ̀ ní gbogbo kòtò títí a fi dé Ilogbo. Kò gbà kí n gbé garawa náà. Níwájú ṣọ́ọ̀bù, ó ní kí Àlàájà bá òun pe àwọn aládùúgbò tó wà níbi ìkómọ ọjọ́ kìíní. Wọ́n wá. Ó dìde dúró, ó sọ fún wọn pé ohun tí òun sọ lójú wọn kì í ṣe òótọ́. Ó ní iná yẹn ń fọ omi mọ́, ó ń dín àìsàn kù, ṣùgbọ́n kì í ṣe dókítà, bí oògùn bá sì wọ omi, kí wọ́n pa á. Ó ní òun kò ka ìwé parí kí òun tó la ẹnu. Kò wo apá ibi tí mo wà rárá. Mo di tówẹ́ẹ̀lì mú lẹ́yìn rẹ̀, omijé ń bọ́ lójú mi, n kò sì rí ọwọ́ nù ún.

Àlàájà ní, "Ẹ̀yin náà, Bàbá! Ẹja lásán ni. Ẹ gbé wọn padà fún Màmá, mo ti fi orí jì yín."

Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ mi ni mo wá kó kúrò nílẹ̀ rẹ, ọmọ mi. Àwọn ẹja yìí ló bá mi rù ú wá."

Nígbà tí a padà délé, ó jọ pé àpótí gíláàsì náà ti fẹ̀ sí i. Mẹ́rin kékeré ló ń lọ tó ń bọ̀ nínú omi tó mọ́ gaara. Bàbá kò lè jókòó. Ó ń tún kọ́tìnnì ṣe, ó ń tún wáyà ṣe. Níkẹyìn ó ní, "Ìyá Dèjì, má bínú. Mo ti kó ìran rẹ lọ."

Màmá ní, "Ṣé ẹja lo rò pé mò ń wò láti gbogbo ọdún yìí wá?"

"Kí lo wá ń wò?"

"Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ ni. Wá jókòó, o ti ń dí mi lójú."

Ó jókòó. Ọdún kan àti ìdajì ni wọ́n tún jọ jókòó síbẹ̀. Ní àkókò òjò tó kọjá yìí, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Bàbá ní òun fẹ́ rẹjú díẹ̀, kò sì jí mọ́. Ikú rọ̀rùn fún un, mo dúpẹ́ fún ìyẹn. Màmá ò sunkún. Wọ́n gbé e dé etí sàréè nínú àga, kò sunkún, àwọn kan tilẹ̀ ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé bóyá àìsàn náà ti mú un lọ́kàn. Àlejò lọ, ilé dá. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo bi í bóyá kí a fún ẹnìkan ní àpótí ẹja náà kó má baà máa dà á láàmú. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mo ń sọ.

Mo ká apá aṣọ mi sókè. Mo yọ wáyà iná, mo ki ọwọ́ bọ omi, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi kànrìnkàn fọ gíláàsì. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ẹkún Màmá lẹ́yìn mi. Mo fẹ́ yíjú, ó ní kí n máa ṣe é lọ. Mo ń fọ̀ ọ́, ó ń sunkún, títí ẹkún fi tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó fi ọwọ́ òsì nu ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Igun òkè yẹn ò tíì mọ́."